Kíkọ Ìlù Sínú Ìwé: Ohun Tí Àwọn Ará Íńdíà Fi Tabla Wọn Ṣe

Ọ̀rọ̀ ìlù ni a gbé wá síwájú yín lónìí, kì í sì í ṣe ìlù ilé wa ni a óò fi bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa pé ó tó àkókò wàyí kí a kọ ìlù àwọn baba wa sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ òwe, oríkì àti ìtàn, kí ó má baà bá àwọn àgbà onílù wọ ilẹ̀ lọ. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tọ ọ̀nà tí kò tọ̀ rí a máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Íńdíà ti ń tọ ọ̀nà yìí fún ohun tí ó lé ní ọgọ́fà ọdún. Wọ́n jèrè níbẹ̀, wọ́n sì pàdánù níbẹ̀, àwa sì rò pé kò yẹ kí a mú kálámù kí a tó gbọ́ ìròyìn wọn.

Ìlù tí à ń wí ni tabla. Ìlù méjì ni, tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó tì, tí ó ń fi ọwọ́ lásán lù láìlo kọ̀ǹgọ́. Èyí tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ igi gbígbẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sókè. Èyí tí ó wà ní ọwọ́ òsì jẹ́ bàbà tàbí amọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, onílù a sì máa fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ awọ rẹ̀ kí ohùn náà lè gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀. Ní ojú awọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ ohun dúdú róbótó kan mọ́, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú irin àti ìyẹ̀fun pò. Bí onílù bàtá wa bá rí i, yóò rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà mọ ìda tí a ń fi sí ojú òjò.

Ọwọ́ ìlù kọ̀ọ̀kan lára tabla ni ó ní orúkọ tí ẹnu lè pè. Bol ni wọ́n ń pe orúkọ wọ̀nyí, láti inú ọ̀rọ̀ èdè wọn tí ó túmọ̀ sí kí a sọ̀rọ̀. Bí ìka bá kan etí awọ ọ̀tún tí ó sì dún ketekete, Na ni. Bí ó bá kàn án sí inú díẹ̀ tí ohùn rẹ̀ sì ń rìn lọ, Tin ni. Bí ọwọ́ òsì bá lu ìlù tirẹ̀ tí ó sì jẹ́ kí ó hó, Ge ni. Bí ó bá lù ú pa tí kò jẹ́ kí ó dún, Ke ni. Bí Ge àti Na bá bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan náà, wọn kò ní pè é ní orúkọ méjì, Dha ni wọn yóò pè é. Bí Ge àti Tin bá sì bọ́ pọ̀, Dhin ni. Báyìí ni gbogbo ohun tí ọwọ́ lè ṣe ti ní orúkọ lẹ́nu, ọmọ ẹ̀kọ́ a sì máa fi ẹnu kà á pẹ̀lú àtẹ́wọ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Zakir Hussain, ọ̀gá tabla tí gbogbo ayé mọ̀, tí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, a máa ròyìn nígbà ayé rẹ̀ pé nígbà tí a gbé òun wá sílé ní ọmọ tuntun, bàbá òun, Alla Rakha, tí í ṣe onílù bákan náà, ni ó sọ ọ̀rọ̀ ìlù sí òun létí dípò àdúrà. Àní ní ojú agbo pàápàá, ọ̀gá a máa dáwọ́ ìlù dúró, a fi ẹnu ka ohun tí ó fẹ́ lù, kí ó tó wá lù ú. Àwọn ènìyàn a sì máa yìn ín fún ti ẹnu gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yìn ín fún ti ọwọ́.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan níhìn-ín. Dùndún tiwa a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, a sì fi awọ sọ ọ́, nítorí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ tí ó wà nínú èdè wa. Ní Íńdíà, ẹnu ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ awọ. Dha kò ní ìtumọ̀ kan yàtọ̀ sí ìró tí ó jẹ́. Èyí tí ó súnmọ́ ọn jù lọ nílẹ̀ wa ni ẹnà bàtá tí àwọn ọmọ Àyàn ń sọ láàárín ara wọn, níbi tí ẹnu ti ń pe ọwọ́ ìlù dípò kí ó pe ọ̀rọ̀ gan-an. A ó padà sí ọ̀rọ̀ ẹnà yìí.

Ohun kejì tí ó ti wà kí ìwé tó dé ni kíkà. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú kíkà ni wọ́n ń pè ní matra, àyípo matra tí ó pé ni wọ́n sì ń pè ní tal. Èyí tí a mọ̀ jù ni Teental, tí ó ní matra 16, tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà tí ìkẹrìndínlógún bá pé, a tún padà sí ìkíní, bí ẹni tí ń yí ọjà po. Ìkíní náà ni sam: ibẹ̀ ni olórin àti onílù ti ń pàdé, bí ó ti wù kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó lójú ọ̀nà. Ẹni tí ń ka Teental a máa pàtẹ́wọ́ ní ìkíní, ní ìkarùn-ún, àti ní ìkẹtàlá. Ṣùgbọ́n ní ìkẹsàn-án kì í pàtẹ́wọ́, yóò kàn ju ọwọ́ síta ni. Ibẹ̀ ni khali, òfìfo gan-an sì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Báyìí ni ìwé ṣe ń kọ ọ́:

X   Dha   Dhin   Dhin   Dha
2   Dha   Dhin   Dhin   Dha
0   Dha   Tin   Tin   Ta
3   Ta   Dhin   Dhin   Dha

Àmì X dúró fún sam, òdo dúró fún òfìfo, 2 àti 3 sì dúró fún àtẹ́wọ́ kejì àti ìkẹta. Bí ọwọ́ ìlù méjì tàbí mẹ́rin bá wà nínú matra kan ṣoṣo, a ó fa ìlà kan tí ó tẹ̀ bí ọrun sí abẹ́ wọn. Kò sí ohun tí ó le níbẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa lè mọ̀ ọ́n kà ní ọ̀sán kan.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìlà kẹta yẹn dáradára, nítorí ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí òdo náà kò sọ. Níbi tí a ti ju ọwọ́ síta, ní ìkẹsàn-án, Dha ni onílù ṣì ń lù, ìlù òsì sì ń hó níbẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní ìkẹwàá ni ìlù òsì tó dákẹ́, tí a ń gbọ́ Tin, Tin, Ta; ìdákẹ́ náà sì rékọjá sí ìkẹtàlá, níbi tí ọwọ́ ti ń pàtẹ́wọ́ tí etí sì ń gbọ́ Ta lásán. Ní ìkẹrìnlá ni ohùn ìsàlẹ̀ tó padà wọlé, tí ó ń kìlọ̀ fún olórin pé sam kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ ń sọ ọ̀kan, etí ń gbọ́ òmíràn, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Ẹni tí ó fi ìwé nìkan kọ́ ọ yóò rò pé ibi tí a kọ òdo sí ni òfìfo ti bẹ̀rẹ̀ fún etí. Ẹni tí ó jókòó ti ọ̀gá kò ní rò bẹ́ẹ̀ láé.

Àwọn tí ó mú kálámù sí ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá orin. Vishnu Narayan Bhatkhande (1860–1936) jẹ́ agbẹjọ́rò ní Bombay, ìlú tí à ń pè ní Mumbai nísinsìnyí. Ó fi iṣẹ́ òfin sílẹ̀, ó rin ilẹ̀ Íńdíà káàkiri, ó ń gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀gá; òun ni ó wà nídìí àpérò orin ti gbogbo Íńdíà tí a kọ́kọ́ ṣe ní Baroda ní 1916, ilé-ẹ̀kọ́ orin tí a sì dá sílẹ̀ ní Lucknow ní 1926 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Àmì X àti òdo tí a fi hàn yín lókè yìí, ọ̀nà tirẹ̀ ni. Ẹnì kejì ni Vishnu Digambar Paluskar (1872–1931), olórin tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ láti kékeré, tí ó dá Gandharva Mahavidyalaya sílẹ̀ ní 1901 ní Lahore, ìlú tí ó wà ní Pakistan nísinsìnyí. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni Gurudev Patwardhan ti ń kọ́ni ní ìlù, tí ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1903 lórí tabla àti mridang, ìlù olójú méjì tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tabla. Àmì ti ilé-ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀ sí ti Bhatkhande: wọ́n ń fi àmì sí abẹ́ bol kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bóyá ó gba odidi matra, tàbí ìdajì, tàbí ìdá mẹ́rin. Wọ́n wọn àkókò bí ẹni ń wọn wúrà.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn kan nínú àwọn òyìnbó tí ń ṣàkóso Íńdíà nígbà náà a máa wí pé orin tí kò ní àkọsílẹ̀ kò lè jẹ́ ìmọ̀ tòótọ́. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí? Ní Calcutta, ní àwọn ọdún 1870, òyìnbó kan, Charles Baron Clarke, tí í ṣe alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, ń fẹ́ kí àwọn ará Íńdíà máa fi ìlà márùn-ún ti àwọn ará Yúróòpù kọ orin wọn; Sourindro Mohun Tagore sì dá a lóhùn pé ilẹ̀ Íńdíà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí kejì ni pé ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilé ọ̀gá. Ọ̀gá kan lè jókòó ti ọmọ kan fún ọdún mẹ́wàá. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ níwájú tí agogo yóò sì lù láìpẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí kò ti ní wá ìwé.

Níbi kan àwa gbà pé wọ́n ṣe é dáradára ju bí ẹnikẹ́ni lè retí lọ. Wọn kò wá orúkọ titun fún ọwọ́ ìlù. Dha tí ọ̀gá ń pè lẹ́nu ni Dha tí wọ́n kọ, ní lẹ́tà ilẹ̀ wọn. Matra tí ọ̀gá ń kà ní ìka ni matra inú ìwé. Bí wọ́n bá ti gba ìlà márùn-ún ti òyìnbó, ìbá ti di dandan kí ọmọ ẹ̀kọ́ kọ́ èdè méjì kí ó tó lu ẹyọ kan, òfìfo tí a ju ọwọ́ sí ìbá sì ti sọnù pátápátá, nítorí kò sí àyè fún un nínú ìwé orin tiwọn.

Ibòmíràn tún wà tí ìwé ti wúlò gidigidi, èyíinì ni ìṣirò. Àwọn onílù tabla fẹ́ràn ohun kan tí à ń pè ní tihai: gbólóhùn ìlù kan tí a lù ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ọwọ́ ìkẹyìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ já sí orí sam gan-an. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é nínú Teental. Ká ní gbólóhùn náà gba matra márùn-ún, tí a sì sinmi fún matra kan lẹ́yìn ìkíní àti lẹ́yìn ìkejì. Márùn-ún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìsinmi méjì sọ ọ́ di mẹ́tàdínlógún. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí sam, ìkẹtàdínlógún náà ni sam àyípo tí ó tẹ̀lé e. Bí ìsinmi náà bá gùn díẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ bàjẹ́, gbogbo agbo yóò sì mọ̀. Ọ̀gá tí kò mọ ìwé kà a máa ṣe ìṣirò tí ó le ju èyí lọ lórí, lórí ìjókòó, láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n fún ọmọ ẹ̀kọ́, bébà jẹ́ ọ̀rẹ́ níhìn-ín, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tí ìwé ti kùnà ni àkókò, èyí tí ó sì yani lẹ́nu, nítorí àkókò gan-an ni wọ́n rò pé àwọn ti mú so mọ́lẹ̀. Ìwé sọ fún ni pé matra 16 ni Teental. Kò sọ bí matra kan ti gùn tó. Nígbà tí onílù bá ń sáré, àyípo matra 16 lè parí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ní ọwọ́ kejì, Ektal tí ó ní matra 12 péré, bí olórin khyal bá fà á lọ́ra gẹ́gẹ́ bí àṣà, lè gba odidi ìṣẹ́jú kan. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ní fún ìyára àti ìlọ́ra: vilambit, madhya, drut, èyíinì ni ti pẹ̀lẹ́, ti àárín, àti ti ìsáré; ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe ìwọ̀n. Nígbà tí matra bá sì gùn tó bẹ́ẹ̀, onílù kò lè lù ú lẹ́ẹ̀kan kí ó wá jókòó máa wo ojú ọ̀run. Yóò fi ọwọ́ kéékèèké kún àlàfo náà, tirakita níhìn-ín, Ge jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́hùn-ún, kí olórin má baà sọnù. Ohun tí yóò fi kún un àti ibi tí yóò fi í sí, ọ̀pọ̀ ìwé kò kọ ọ́.

Nínú orin fẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń lu Keherwa sí, tí ó ní matra mẹ́jọ, tàbí Dadra, tí ó ní mẹ́fà, ìwé pín matra dọ́gbadọ́gba bí ẹni ń pín iṣu fún ọmọ òrukàn. Ọwọ́ onílù kò pín in bẹ́ẹ̀. A máa fà díẹ̀ sẹ́yìn, a tún sáré díẹ̀ bá a, nínú fífà àti sísáré yìí ni ijó sì wà. Ẹ mú ọmọ kan tí ó ka ìwé náà láìṣìnà kankan. Ẹ ó gbọ́ pé ó pé, ẹsẹ̀ yín kò sì ní mì.

Bol pàápàá kò dúró sójú kan. Ilé onílù mẹ́fà ni a mọ̀ fún tabla: Delhi, Ajrara, Lucknow, Farrukhabad, Benares àti Punjab. Àwọn ará Delhi fẹ́ràn kí ìka méjì máa lù ní etí awọ. Àwọn ti ìhà ìlà-oòrùn, bíi Lucknow àti Benares, a máa ṣí ọwọ́ kí ìlù lè hó. Na kan náà ni gbogbo wọn kọ, ṣùgbọ́n Na tí a gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan. Kí a má jìnnà lọ: àwa tí à ń ka Yorùbá mọ ọ̀ràn yìí dáradára. Láti ìgbà tí àwọn àgbà wa ti jókòó ní Èkó ní 1875 láti ṣe àdéhùn lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa ni a ti ń kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, bí a bá sì rí lẹ́tà mẹ́ta kan náà, ẹni tí ó mọ èdè ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Àjèjì kò lè mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé tabla: ìránnilétí ni fún ẹni tí ó ti gbọ́.

Báyìí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù. Ta ni ó ni ohun tí a kọ sínú ìwé wọ̀nyí? Àwọn ọ̀gá tabla ayé àtijọ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, a máa jogún iṣẹ́ náà láti ọ̀dọ̀ baba dé ọmọ, ààfin àti ilé ọlọ́lá sì ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Awadh ní 1856, tí a sì lé ọba Lucknow lọ sí Calcutta, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní olúwa mọ́. Ohun tí ó kù wọ́n kù ni ìlù inú orí wọn. Ìtàn kan wà tí àwọn onílù ń sọ nípa Haji Vilayat Ali Khan, bàbá ńlá ilé Farrukhabad, pé nígbà tí ó fẹ́ ọmọbìnrin Bakhshu Khan ti Lucknow, ìlù ni bàbá ìyàwó kó fún un gẹ́gẹ́ bí ẹrù ìyàwó, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí, ẹ̀yin ìjòyè wa. Ohun tí a lè kó fún ọmọ bí ẹrù ìyàwó, dúkìá ni, bí ilẹ̀ ti jẹ́ dúkìá.

Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá dé pẹ̀lú bébà wọn, tí àwọn ọ̀gá kan sì di ẹnu wọn mọ́ ohun tí wọ́n ní, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìmọ̀wé ni wọ́n, pé ahun ni wọ́n, pé ìmọ̀ ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá agbẹjọ́rò wí nítorí pé ó ń gba owó kí ó tó sọ ohun tí òfin wí. Onílù tí ó kó ìlù ilé rẹ̀ lé akọ̀wé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò rí i ní ọdún kejì pé ọmọ akọ̀wé ni ó ń fi í gba iṣẹ́ olùkọ́, tí a sì ń sọ fún òun pé òun kò ní ìwé ẹ̀rí. Lónìí ní Íńdíà, ìdánwò ń bẹ níbi tí ọmọ ti ń kọ Teental sí bébà ní ìlọ́po kan àti ìlọ́po méjì tí a sì ń fún un ní máàkì. Àwa kò sọ pé kí a pa ìdánwò run. A ń sọ pé àwọn tí ó ṣe ìtúnṣe náà, tí wọ́n jẹ́ irú àwa yìí gan-an, ọ̀mọ̀wé tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ baba rẹ̀, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ti àwọn tí ó ni ìlù sẹ́yìn, tí wọ́n sì rò pé ilẹ̀ baba ni àwọn ń gbé ga.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ ti mú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Òótọ́ ni pé láti 1902, nígbà tí Gauhar Jaan kọrin sí ẹ̀rọ giramafóònù ní Calcutta, ilẹ̀ Íńdíà kò tíì dẹ́kun gbígba orin sílẹ̀, ó sì ń fi ìfàsẹ́yìn àti ìsáré ọwọ́ hàn ju ìwé lọ. Ṣùgbọ́n àwo orin kò ju ìlù ọjọ́ kan lọ. Kò lè sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ èyí tí ó jẹ́ òpó ilé àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́. Ẹnu ọ̀gá ni ó ń sọ èyí.

Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lucknow ní àwọn ọdún 1980 ni ó wù wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan, James Kippen, lọ jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ Afaq Husain Khan (1930–1990), olórí ilé onílù Lucknow, ó sì kọ́ tabla bí ọmọ ẹ̀kọ́. Òun àti Bernard Bel wá ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Bol Processor. Wọ́n kọ òfin qaida sínú rẹ̀. Qaida ni ìlù tí a ń mú gbólóhùn kan tí a sì ń yí i sí oríṣiríṣi ọ̀nà láìrú òfin rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà a yí i, a tẹ̀ ẹ́ jáde ní bol, wọn a sì gbé e síwájú àwọn onílù. Àwọn kan ni wọ́n gbà, àwọn mìíràn ni wọ́n kọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, òfin inú ẹ̀rọ ni a ń tún ṣe, kì í ṣe etí onílù. Ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìwé Lahore, kálámù wá jókòó sí ibi tí ó yẹ ẹ́.

Nítorí náà bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ dáwọ́ lé ìlù tiwa, àwa kò fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà márùn-ún. Akin Euba ti lò ó nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún tí ó jáde ní 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé orin sì ń jèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni ó lè kà á, mélòó sì ni nínú àwọn ọmọ Àyàn? Fún bàtá, ẹnà ti wà nílẹ̀, ó sì ti di ohun ìwádìí fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè: Amanda Villepastour tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 2010. Bí àjèjì bá lè gbé etí sílẹ̀ fún un, kí ni ó dí wa lọ́wọ́? Fún dùndún, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ni kí a kọ, kí a sì fi gbogbo àmì ohùn sí i láìfò ọ̀kan. Ní ti ìfàsẹ́yìn ọwọ́, kí a kọ orúkọ tí onílù fúnra rẹ̀ ń pè é.

Kí a san owó fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré tí à ń lẹ̀ mọ́ onílù níwájú lóde ìnáwó, bí kò ṣe owó tí a bá a sọ tẹ́lẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Kí orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé rẹ̀ wà ní orí ewé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ akọ̀wé sì wà ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá sọ pé ìlù kan kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní agbo ilé òun, kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìwé náà bá sì parí, kí a má tíì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Kí a gbé e padà lọ sí ilé bàbá tí a ti gbà á, kí akọ̀wé fi ẹnu ara rẹ̀ ka ohun tí ó kọ fún un, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Ìlà tí bàbá náà bá wí pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí akọ̀wé pa á rẹ́ lójú rẹ̀, kí ó sì tún gbé etí sílẹ̀.